Ọmọ-Odó Àyọ̀ká ní Igbó Méjìméjì

Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn ná. Dèjọ, gbé páàdì ọwọ́ rẹ sílẹ̀. Àńjọ́lá, nu ojú rẹ nù, ẹkún tó báyìí. Láti àárọ̀ ni ẹ̀yin méjèèjì ti ń pariwo mọ́ ara yín lórí géèmù kan ṣoṣo. Ẹ ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, ó sì ti yé mi: ọ̀kan nínú yín kò ríran nínú rẹ̀, ọ̀kan kò gbọ́ràn bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ̀rọ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ jọ jáde láàyè. Dèjọ ní Àńjọ́lá kò mọ ọ̀nà júwe. Àńjọ́lá ní orí Dèjọ ti le jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín wọn lẹ́yìn, ẹ̀yin náà ẹ súnmọ́ ibí. Géèmù tí ẹ ń ṣe yìí, èmi Ọdẹ́rìndé ti fi ara mi ṣe é kí ìyá yín tó lọ sílé ọkọ, kò sì sí páàdì lọ́wọ́ mi nígbà náà, ìbọn ló wà níbẹ̀.

Ẹ má wo orúnkún tó ń ró kẹ́kẹ́ yìí. Nígbà tí mo wà lójú ọdẹ, bí mo bá wúkọ́ létí igbó, ẹtu á yára lọ kí ìyàwó rẹ̀ pé ó dìgbóṣe. Ṣé ẹ gbà? Ẹ gbà tàbí ẹ kò gbà, ẹ jókòó dáadáa.

Ara ìyá yín Ìbíwùmí ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọge ni nígbà náà, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́; bó bá ń gbálẹ̀ á máa kọrin, bó bá ń fọ abọ́ á máa bá abọ́ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan ó lọ já ewé tí a fi ń pọ́n ẹ̀kọ létí igbó kan tí àwa ọdẹ kì í dá wọ̀. Ó padà dé, ó sọ ewé kalẹ̀, ó jókòó sórí àpótí, kò sì dìde mọ́. A pè é, kò dáhùn. A ju ọwọ́ níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere, kò wo ẹnikẹ́ni. Bí a bá fi oúnjẹ sí i lẹ́nu, á gbé e mì. Bí a kò bá fi sí i, kò ní bèèrè. Ó ń rọ lójú wa bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n já sílẹ̀ sínú oòrùn. Èmi tí n kì í sá fún ẹfọ̀n, mo ń sá fún yàrá ọmọ mi.

Baba Ọdẹ́tọ́lá, olúọdẹ wa, wá wò ó. Ó yíjú sí mi.

“Ọdẹ́rìndé,” ó ní, “ọmọ rẹ ṣì wà ní Igbó Méjìméjì. Ara rẹ̀ nìkan ló padà wálé. Ojú ìsun kan wà ní òpin igbó náà. Bó bá mu nínú omi rẹ̀, á padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n ẹnì kan kì í dá wọ ibẹ̀. Ẹni méjì tó jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà pa pọ̀ ni. Omi náà kò sì gbọdọ̀ bá oòrùn wọ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá pọn ọ́n, ọjọ́ náà ni kó mu ún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ inú kèrègbè á gbẹ táútáú.”

Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi Ajagbé bá mi lọ, a ṣáà jọ ń dẹ̀gbẹ́. Inú rírun gbé Ajagbé dè lójú ẹsẹ̀. Títí di òní n kò tíì rí ẹni tí inú tètè ń run tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà náà ni ìyàwó mi Àyọ̀ká, ìyá ìyá yín, gbójú sókè níbi tó ti ń fi ọṣẹ wẹ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀.

“Baba Ìbí,” ó ní, “ta ni ẹ jọ ń gún iyán?”

Mo ní, “Ìwọ ni.”

“Ó tán nìyẹn. Ẹ mú ìbọn yín, èmi á mú ọmọ-odó mi.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ n sọ bí a ṣe ń gún iyán nílé wa, kẹ́ ẹ tó bá mi rẹ́rìn-ín, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo nǹkan dúró lé. Odó kan, ọmọ-odó méjì. Bí tèmi bá ń lọ sókè, tirẹ̀ á máa bọ̀ wálẹ̀. Gbì, gbì, gbì, gbì. Bí iyán bá ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ odó, kò ní sọ̀rọ̀. Á kàn dáwọ́ dúró, á ti ọwọ́ bọ inú odó, á kó o sáàárín. Èmi á gbé tèmi dúró lókè. Bó bá ti yọ ọwọ́ rẹ̀, á fi ọmọ-odó kan etí odó jẹ́jẹ́, kó, kí n lè mọ̀ pé ọwọ́ ti kúrò. Bí iyán bá sì kúná, á gbé ọmọ-odó rẹ̀ dábùú ẹnu odó. Bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ó parí. N kò gbọdọ̀ gún un lẹ́ẹ̀kan mọ́, kódà bí mo bá fi ojú ara mi rí kókó nínú rẹ̀.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà sú yín. A rìn, a dé ibẹ̀. Igi ni mo kọ́kọ́ rí, méjì méjì ni gbogbo wọn, ọ̀kan fara ti èkejì, ẹ̀ka wọn sì wé mọ́ra bí ìgbà tí ènìyàn bá di ènìyàn mú. Láàárín wọn ni Oníbodè jókòó sí. Ojú kan ṣoṣo ló ní, ìpàkọ́ ni ojú náà sì wà, nítorí náà ó ní láti kẹ́yìn sí wa kó tó lè wò wá. Àtẹ́lẹwọ́ ni etí rẹ̀ wà. Bó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀, á la ọwọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá sú u, á di ẹ̀ṣẹ́.

“Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin eléré,” ó wí.

“A kò wá ṣeré,” mo dá a lóhùn. “Ọmọ wa ni kò ní ìlera.”

“Gbogbo ẹni tó bá dé ibí, eré ló wá ṣe. Ọ̀kan á fi ojú sílẹ̀, ọ̀kan á fi etí àti ohùn sílẹ̀. Ẹ kò sì gbọdọ̀ fara kan ara yín títí ẹ ó fi padà dé iwájú mi. Ẹ wo àwọn igi wọ̀nyí dáadáa. Ènìyàn ni wọ́n. Wọ́n fara kan ara wọn.”

Mo fẹ́ sọ pé ọdẹ ni mí, ojú ni iṣẹ́ mi. Àyọ̀ká sì yíjú sí mi, ó ní, “Baba Ìbí, ẹ má—” Ibẹ̀ ni Oníbodè ti gbé ọwọ́ lé e lọ́fun. Ohùn rẹ̀ já. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ṣì ń mì, kò sì sí ohun tó jáde níbẹ̀. Títí di òní, n kò mọ ohun tó ní kí n má ṣe.

Oníbodè da ohùn àti etí rẹ̀ sínú igbá kan. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó dun mí jù. “Bí ẹ bá padà dé, igbá kan ṣoṣo ni n ó ṣí. Ìkejì di tèmi títí láé. Èyí tí ẹ̀yin méjèèjì bá sì jọ fi ẹnu kò sí ni n ó ṣí.”

“Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ kí o tó gba etí rẹ̀? Sọ ọ́ fún un!”

Ó rẹ́rìn-ín. “Etí rẹ̀ ló wà nínú igbá yìí. Ìwọ sọ fún un.”

Mo yíjú sí ìyàwó mi, mo gbé ọwọ́ sókè láti júwe. Òkùnkùn bò mí. Ó ti gba ojú mi sínú igbá kejì.

Ẹ̀yin ọmọ, inú mi bàjẹ́. N kò bẹ̀rù kí n kú, mo ti bá ikú pàdé lóríṣiríṣi ní ìgbẹ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo mọ nǹkan kan tó kàn án, n kò sì ní ọ̀nà tí n ó fi sọ ọ́ fún un.

A wọ igbó náà. N kò tíì rìn jìnnà tí mo fi gbọ́ ìró kan lápá ọ̀tún mi, gbìì, gbìì, gbìì, ìró líle tó ń yára. Gbogbo ọdẹ ni wọ́n kọ́ ní ohun kan náà: bí o bá gbọ́ ìró tí o kò mọ̀ nínú igbó, má mì. Mo dúró gbagidi. Mo mú èémí mọ́ra. Inú mi dùn sí bí mo ṣe dúró dáadáa tó, àfi ìgbà tí nǹkan ya ẹ̀gbẹ́ mi. Ẹranko ńlá kan tí irun rẹ̀ le bí irin ló ń sáré bọ̀, Àyọ̀ká ló sì ń gún ilẹ̀ pé kí n sá. Èmi rò pé ilẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Àpá rẹ̀ rè é. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ó ń rìn mí.

Mo gbọ́ èémí ẹranko náà bó ṣe ń yí padà. Mo fi etí wo ibi tí èémí ti wá, mo sì yìn. Ó ṣubú. Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo wí? Mo fi etí yìnbọn. Ẹ lọ bi ọdẹ tó bá wù yín bóyá ó ti ṣe irú rẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà mo jókòó sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Àyọ̀ká kò lè di ọgbẹ́ mi, nítorí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn mí. Mo gbọ́ tí nǹkan ń já sílẹ̀ pòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Aṣọ ìborí rẹ̀ ló ya, tó sì ń jù sí mi. Mo fi di ara mi. Lẹ́yìn náà ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ró. Gbì. Ó dúró díẹ̀. Gbì. Ó tún dúró, bí ẹni tó fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kò pẹ́ tó fi yé mi. Mo di ẹnu ìbọn mú, mo fi ìdí rẹ̀ gún ilẹ̀ sínú àyè yẹn. Gbì, gbì, gbì, gbì. Iyán ni a ń gún! Mo sunkún níbẹ̀, n kò ní parọ́ fún yín.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí rìn nìyẹn. Bó bá gún ilẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ síbi tí ìró ti wá. Bó bá dáwọ́ dúró, èmi náà á dúró. Ihò wà níwájú nìyẹn, tàbí ejò, ó ń wá ọ̀nà gbà. Bó bá fi ọmọ-odó kan ẹ̀gbẹ́ igi jẹ́jẹ́, kó, mo mọ̀ pé ọ̀nà ti mọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ń ju ọwọ́ sókè bí mo ṣe ń lọ, mo ń tọ́ka sí etí, mo ń tọ́ka sí ojú, mo ń gbìyànjú láti sọ ọ̀rọ̀ igbá yẹn fún un. Ìdáhùn tí mo ń rí gbà kò ju kó. Ó ń sọ fún mi pé kí n máa bọ̀.

A dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Afarawé. Mo gbọ́ ẹ̀rín, mo gbọ́ ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀, arúgbó kan sì dúró níwájú mi.

“Ọdẹ, dáhùn kí o tó kọjá. Kí ni ìyàwó rẹ ń wò báyìí?”

“Èmi ni.”

“Kí ló fi dá ọ lójú? O kò ríran.”

“Bí kò bá wò mí, ǹ bá ti kú.”

Wọ́n pariwo, wọ́n ní mo gbà á. Mo ń yangàn lọ nígbà tí ohùn kan pè mí láti apá òsì. Ara mi bù máṣọ. Ohùn Àyọ̀ká ni.

“Baba Ìbí! Èmi rè é. Wọ́n ti dá ohùn mi padà. Ẹ máa bọ̀ níbí, omi náà ti wà lọ́wọ́ mi.”

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ mọ bí ohùn ìyàwó ẹni ṣe ń rí létí nígbà tí ẹ rò pé ẹ kò ní gbọ́ ọ mọ́? Ẹsẹ̀ mi ti gbéra. Ohùn náà ni lóòótọ́, bó ṣe máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀ gùn díẹ̀. Lápá ọ̀tún, mo ń gbọ́ gbì, gbì. Lápá òsì náà, gbì, gbì ti bẹ̀rẹ̀, ó sì dára ju ti ọ̀tún lọ. Kò yára, kò falẹ̀, kò ṣì í rárá.

Mo dúró. Mo fi ìbọn bá ti òsì gún un. Gbì, gbì, gbì, gbì. A gún un, a gún un, kò dáwọ́ dúró.

Mo ní, “Àyọ̀ká, ṣé o kò ní kó iyán?”

Ohùn náà ní, “Iyán wo?”

Ibẹ̀ ló ti yé mi. Nínú gbogbo ìlú yẹn kò sí ẹni tó ti ọwọ́ bọ inú odó rí nígbà tí ọmọ-odó ẹlòmíràn wà lókè. Ìró nìkan ni wọ́n lè sín jẹ. Mo yíjú sí ọ̀tún. Níbẹ̀, ìró náà dákẹ́, ó dákẹ́ pẹ́, lẹ́yìn náà, kó. Mo gba ibẹ̀ lọ. Lẹ́yìn mi, ohùn ìyàwó mi ń bú mi, ó ń bẹ̀ mí, ó ń pe orúkọ ọmọ wa, títí a fi jìnnà. Ìyẹn nìgbà ìkẹyìn tí mo gbọ́ ohùn náà, ẹlòmíràn ló sì ń lò ó.

A dé ojú ìsun. Mo gbọ́ bí omi ṣe ń ṣàn sínú kèrègbè. A padà kíákíá, oòrùn ti ń gbóná sí èjìká mi lápá ìwọ̀-oòrùn.

Oníbodè ti gbé igbá méjèèjì kalẹ̀.

“Èwo ni kí n ṣí?”

“Tirẹ̀ ni,” mo pariwo. “Etí rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ ni kí o dá padà fún un!”

“Òun ń nawọ́ sí tìrẹ. Ọ̀rọ̀ yín kò ṣe ọ̀kan.”

Mo kọjú síbi tí mo rò pé ó wà. Mo fa etí mi, mo tọ́ka sí ẹnu mi, mo lu àyà pé ojú tèmi kò já mọ́ nǹkan kan. Mo fẹ́ sọ fún un pé èyí tó bá kù á kù síbí títí láé. Dèjọ, ìwọ tí o ní ẹ̀gbọ́n rẹ kò mọ ọ̀nà júwe, gbé ọwọ́ rẹ sókè kí o júwe “títí láé” fún mi kí n rí i. O rí i? Èmi náà ju ọwọ́ ju ọwọ́, ó sú mi. Mo bá fi ìdí ìbọn gún ilẹ̀. Òun náà gún un. Mo tún gún un pẹ̀lú ìbínú, òun náà gún un, ìró wa sì bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbàm̀. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, ìyẹn kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ó wá dákẹ́. Mo gbé ìbọn dúró lókè, mo ń retí kó. N kò gbọ́ ọ. Ohun tí mo gbọ́ ni igi tó rọra balẹ̀ sórí igbá. Mo mọ ìró yẹn. Ó ti gbé ọmọ-odó rẹ̀ dábùú ẹnu igbá tirẹ̀.

“Oòrùn ń wọ̀,” Oníbodè wí. “Ṣé ó ti ṣe ọ̀kan?”

Mo gbọ́ tí omi ń dínkù nínú kèrègbè, ó ń dún ṣín-ín-ṣín-ín. Ìbíwùmí wà lórí àpótí nílé. Mo ní, “Ó ti ṣe ọ̀kan.”

Ojú mi là. Àyọ̀ká ni mo kọ́kọ́ rí, èèpẹ̀ kún irun rẹ̀. Ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé ọmọ-odó kúrò lórí igbá rẹ̀, ó yíjú sí Oníbodè, ó sì dúró. Ó dúró bí ẹni tó ń retí. Oníbodè ki igbá náà sí abíyá, ó kúrò níbẹ̀. Àyọ̀ká wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí, ó wò mí, ó gbé kèrègbè, ó sì fi orí júwe pé ká máa lọ sílé.

A sáré dé ilé, a bá oòrùn láyè. Ìbíwùmí mu omi náà, ó ṣẹ́jú, ó ní, “Ìyá mi, ebi ń pa mí.” Àyọ̀ká rí i tí ẹnu ọmọ rẹ̀ ń mì. Ohùn tó tìtorí rẹ̀ fi tirẹ̀ sílẹ̀, kò gbọ́ ọ. Ó jó yí gbogbo àgbàlá ká.

Àńjọ́lá, mo rí ojú rẹ. Mo mọ ohun tí o fẹ́ bèèrè.

“Baba, ṣé Màmá mọ̀ pé òun kò ní rí ohùn òun gbà mọ́? Àbí Màmá rò pé Oníbodè á ṣí igbá méjèèjì ni?”

Mo ti fi ọwọ́ bi í, mo ti ya igbá sílẹ̀ bi í. Bí mo bá bi í, á lu mí léjìká, á lọ gbé iṣu kaná. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn láti ọjọ́ náà wá, kò sì tíì jẹ mí tán. Bí ẹ̀yin bá pàdánù, ẹ ó tẹ bọ́tìnnì, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀. Tiwa kò ní bọ́tìnnì.

Ẹ gbọ́ ná. Ilẹ̀ ń ró. Màmá yín ti bọ iṣu tán, ó ń pè mí nínú àgbàlá. Rárá, Dèjọ, jókòó, èmi ni yóò gún un. Ṣùgbọ́n ẹ jáde wá wò ó, ẹ má wo ọmọ-odó mi, ojú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò. Nígbà tí tèmi bá wà lókè, tí ọwọ́ mi tó ti gbó yìí ń gbọ̀n, á ti ọwọ́ bọ inú odó. Láti ọjọ́ tí a ti dé láti ibẹ̀, kò gbójú wòkè wo ọmọ-odó mi lẹ́ẹ̀kan rí. Ọjọ́ mìíràn wà tí mo máa ń gbà pé ìdáhùn mi nìyẹn, pé ó mọ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ, iṣu ń tutù.